Àpò Ìgbín

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn télọ̀ Tàkíé bá ń palẹ̀ mọ́,
mo máa ń gbé garawa mi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn.
"Ìyá onírèépé, ẹ tún ti dé!"
Mo ti dé. Ẹ má fi iná sí i.
Ẹ gbá a sínú garawa fún mi
tòun ti eruku, tòun ti òwú.
Bí abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀,
èmi àti abẹ́rẹ́ kì í ṣe àlejò ara wa.

Mo dà á sórí ẹní nílé, ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n,
mo ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.
Léèsì pupa, ó ku díẹ̀ kó di bùbá ìyàwó pásítọ̀.
Ańkárá ẹlẹ́yẹ, àlùmọ́gàjí ti gé orí ẹyẹ kan.
Èyí tó tóbi jù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
èyí tó kéré jù, bí ahọ́n ológbò ni.
Ìrépé kì í gba àṣẹ:
o ní kó di apá, ó ní ọrùn lòun.

Àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú fẹ́ ṣe eré ẹranko lópin ọdún.
Mẹ́fà ló fẹ́ jẹ́ kìnnìún.
Ta ni wọn yóò wá pa jẹ?
Tinúadé fẹ́ jẹ́ ọ̀kín, ó ní kí ìrù òun máa wọ́lẹ̀.
Ó kan Oyèkàn, ọmọ ọdún méje,
ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
"Ìgbín," ló wí.
Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.
Mo ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbín?"
"Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó lọ kó ẹrù rẹ̀."

Mo ká téèpù mi.
Mi ò wọn ọmọ mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Alábòójútó wọn ló sọ ìyókù fún mi lẹ́nu ọ̀nà:
ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìrẹsà,
ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá l'Ọ́yọ̀ọ́,
ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní Sábó tí kò bá a tan rárá.
Ọ̀rá dúdú kan ló fi ń kó aṣọ rẹ̀ kiri,
ọ̀rá náà ti ya létí.

Òru mẹ́ta ni mo fi rán an.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín, mo ń yí i lọ bí òṣùká:
kákí, sányán arúgbó kan, kákí,
àdìrẹ tó ti ṣá, kákí.
Iná lọ lóru kejì. Ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ mi,
kò bá iná mulẹ̀.
Bọ́tìnnì méjì tí kò jọra ni mo fi ṣe ojú sí orí ìwo.

Ó wá ku aṣọ inú rẹ̀.
Mo ṣí àpótí.
Aṣọ olódòdó wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀,
mo ti gé e láti ọdún mọ́kànlá,
apá méjì, àyà kan, mi ò kó wọn pọ̀.
Ẹni tí mo gé e fún kò dúró wọ̀ ọ́.
Inú ni mo lò ó sí,
níbi tí ọwọ́ ọmọ nìkan yóò ti máa kàn án.

Lọ́jọ́ eré, kìnnìún mẹ́fà bú ramúramù,
ẹnì kan tẹ ìrù ọ̀kín, ó ya.
Oyèkàn fà láti ẹnu ilẹ̀kùn,
ó ń fà, kò wo ẹnikẹ́ni.
Ó pẹ́ kó tó dé.
Gbogbo wa dúró dè é.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, alábòójútó ránṣẹ́:
síìpù àpò náà ti há.
Mo ní kí wọ́n gbé e wá.
Wọ́n ní ọmọ náà kọ̀, àfi kí òun náà bá a wá.

Ó ti wà lórí àpótí ìjókòó mi báyìí,
ó kọ ẹ̀yìn sí mi, kò bọ́ ọ.
Mò ń fi àbẹ́là fá eyín síìpù lẹ́yìn rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀.
"Ẹ má yọ nǹkan inú rẹ̀ o, Màmá."
Mi ò ní yọ ọ́.