Ọmọrí Orúnkún

Ní Apákè, kí mọ́tò àkọ́kọ́ tó fun fèrè,
orúnkún ọ̀tún mi ti jí.
Á kọ́kọ́ dún kẹ́rẹ́, bí ẹni ń pa ẹ̀pà,
lẹ́yìn náà á dákẹ́, á máa wo ohun tí n óò ṣe.
Èmi náà á ṣe sùúrù.
A ti mọra, ọdún mẹ́sàn-án.

Egungun pẹlẹbẹ tó bo ojú orúnkún,
ọmọrí ni mo ń pè é.
Ọmọrí tèmi kì í jókòó sórí ìkòkò.
Bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta níwájú báǹkì ní Tákìẹ́,
á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tún padà wálé,
bí ọkọ tó yọ́ lọ mu ẹmu tí kò fẹ́ kí ìyàwó mọ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun, èmi Oyèbọ́lá, aránṣọ.
Maṣíìnì mi, ẹsẹ̀ là ń fi tẹ̀ ẹ́.
Ìyádùnní ọmọ mi ní kí n ra èyí tó ń lo iná.
Iná wo? Iná Ògbómọ̀ṣọ́ yìí náà?

Wọ́n ti là á lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kíní, ọdún tí kajú so tí kò sẹ́ni tó rà á,
mo ka ojú abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì:
mẹ́rìnlá, àlàfo wọn kò dọ́gba.
Bó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ mi ló rán an bẹ́ẹ̀,
ǹ bá ní kó tú u, kó tún un rán.
Mo panu mọ́. A kì í dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì
ká máa kọ́ dókítà níṣẹ́.
Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n rán an, ó dùn ún wò.
Kì í ṣe ojú ìrán ló bàjẹ́.
Inú ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Dókítà Ọlátẹ́jú gbé fọ́tò egungun mi síwájú iná,
ó fi bírò tọ́ka: "Ibí ti jẹ tán, Mọmọ.
Egungun ń ha egungun.
A lè tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, irin la ó fi sí i."
Mo bi í pé ọdún mélòó ni irin náà yóò lò.
Ó wo fèrèsé kó tó dáhùn.
Fèrèsé yẹn ni mo gbé wálé,
n kò rántí iye ọdún.

Nítorí mo mọ ìwà aṣọ.
Èyí tí a tú lẹ́ẹ̀kan, a lè rán an kó bá ara mu.
Èyí tí a tú lẹ́ẹ̀mejì, etí rẹ̀ á máa ṣe fọ́nránfọ́nrán.
Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ni abẹ́rẹ́ fẹ́ dì mú?
Mo ti lé oníbàárà padà nítorí irú rẹ̀,
mo ní, "Ẹ lọ ra tuntun."
Àṣé ohun kan náà ni dókítà ń sọ fún mi.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìkòyí-Ilé lẹ́yìn ìkórè iṣu.
Mo di etí tábìlì mú, mo tẹrí ba,
ibi tí mo lè dé nìyẹn.
Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.
Wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní,
"Dìde, ìyàwó mi, dìde, o káre."
Èmi tí mo wà lóòró!
Mo dìde náà, inú mi ò dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.
Àbí wọ́n rí mi? N kò mọ̀. Wọn kò sọ.

Lálẹ́, ọkọ mi ń fi òrí pa á fún mi.
Kò ní kí n ṣe é, kò ní kí n má ṣe é.
Owó ló ń kà lọ́kàn, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìka rẹ̀:
àjọ, kajú ọdún tó ń bọ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn kan ní kí n fara dà á, pé àgbà ló dé.
Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí.
Ìyá tó bí mi ń lọ ṣẹ́gi lẹ́ni ọgọ́rin.

Láàárọ̀ yìí mo dúró síwájú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.
Wọ́n ní kí n mú ọjọ́ kan kí oṣù tó tán.
Bírò wà lórí tábìlì.
Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ ni mo mú,
mo fi yí ọjọ́ kejìdínlógún po,
fẹ́ẹ́rẹ́,
irú èyí tí àtẹ́lẹwọ́ lè nù kúrò.
Mo padà sídìí maṣíìnì, mo fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́.
Ọ̀tún ń wò ó.