Ojú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì

Orí àga onígbàjámọ̀ ní Tótóró ni mo wà
nígbà tí rédíò gbé orin ọmọ tuntun kan wọlé.
N ò mọ ọmọ náà.
Ṣùgbọ́n mo mọ gìtá yẹn:
gìtá Ṣóbándé ni, ti Ìràwọ̀ Ìkìjà,
wọ́n kàn pààrọ̀ ẹ̀wù fún un ni.

Bírò ni mo fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì wọn padà nígbà náà,
lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa, kí bátìrì má baà tán.
Orin tí wọ́n fi ń bú àwọn ológun,
ọjọ́ tí owó dé, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n yí nínú rẹ̀,
ó di oríkì.
Ṣóbándé kọ̀, kò bá wọn kọ ọ́.
Ó kú sí Lántòrò. Kò sẹ́ni tó yọjú nínú wọn.

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dé orí afárá Láfẹ́ńwá
kí n jù ú sódò Ògùn.
Mo tún gbé e padà wálé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé mi orí," onígbàjámọ̀ wí,
"abẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi."

N ò mọ̀ pé ó ń mì.