Irínwó Ó Dín Ogún

Odò Nemunas ti kún, ó ti gbé títì mì.
Igi ẹ̀bá ọ̀nà nìkan ló kù tó ń júwe
ibi tí ọ̀dà wà lábẹ́ omi.
Èmi ni mo ni katakata.
Èmi ni mò ń kó àwọn ará Rusnė sọdá lóṣù Ẹrẹ́nà,
àwọn àti kẹ̀kẹ́ wọn, àwọn àti ajá wọn,
àti lẹ́ẹ̀kan, pósí kan, tí a fi okùn dè mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin.

Láàárọ̀ yìí, Ilzė nìkan ni.
"Dúró dè mí," ó ní, "mi ò ní pẹ́."
Irọ́ ni.

Ó jókòó sórí garawa tó dojú dé,
ó gbé awò olójú méjì Endrikis sójú,
awò tí okùn rẹ̀ ti já, tí wọ́n fi okùn bàtà so.
Yìnyín ṣì ń wọ́ kọjá lójú odò, wẹ́wẹ́ bí àwo tó fọ́.
Orí pápá tí omi bò ni wọ́n wà:
pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ onírù ṣóńṣó,
àwọn kan tí ń súfèé bí ọmọ tí kò fẹ́ wọlé,
àwọn ọlọ́rùn gígùn, funfun báláú,
tí ń pariwo bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dà pọ̀.
Àríwá ni wọ́n ń lọ. Àwa kọ́ ni wọ́n wá kí.

Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà.
Ogójì ọdún ló wà nínú ìwé pélébé yẹn,
ìlà méjì lọ́dọọdún: tirẹ̀, ti ọkọ rẹ̀.
Bí Ilzė bá kọ irínwó,
Endrikis á kọ irínwó ó dín ogún.
Bí obìnrin yìí bá ní ẹgbẹ̀ta,
ọkùnrin yẹn á yọ ogún rẹ̀ kúrò:
ó ní ogún yẹn ló máa ń fò láti òsì bọ́ sọ́tùn-ún
nígbà tí ìyàwó òun bá ń ṣẹ́jú.
Wọ́n á jà á dé orí katakata mi,
wọ́n á jà á kọjá ṣọ́ọ̀ṣì,
wọn ò ní tíì parí ẹ̀ tí màá fi já wọn sílẹ̀.

Òun ló wà nínú pósí yẹn. Ẹrẹ́nà tó kọjá.

Idì kan là kọjá. Gbogbo pápá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà,
ariwo ìyẹ́ bí ẹni da ọkà sórí páànù;
lẹ́yìn náà wọ́n tún ń rọ̀ wálẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé kò sí nǹkan.
Ilzė tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Tíì inú fúláàsì ti di tútù
kó tó kọ iye tirẹ̀. Ìlà kejì ṣófo.
Kò sunkún. Ó kàn ń fi pẹ́ńsùlù gún ibẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́.
Ó yíjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́? Mélòó lo rí?"

Èmi tí mi ò mọ akọ wọn yàtọ̀ sábo,
èmi tí ariwo ẹ́ńjìnì ò tíì kúrò létí mi,
mo yọjú wo ohun tó kọ.
"Irínwó," mo ní. "Ó dín ogún."

"Mo ti mọ̀ pé ojú ẹ ò dáa!"
Ẹyẹ mẹ́ta ta kúrò nítòsí wa.
Ó kọ ọ́ síbẹ̀, tagbáratagbára,
pẹ́ńsùlù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé.
A ò tíì dé ibi igi àkọ́kọ́
tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà.