Ibi Tí Omi Ti Tutù

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni mo rà á lọ́jà Adó,
lórí òkìtì òkìrìkà, lọ́jọ́ tí òjò ṣú tí kò rọ̀.
Mo gbé jíìnsì náà nàró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró
bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.
Ẹni tó tà á ní, "Èyí á sìn ọ́ pẹ́,
bí ìwọ náà bá mọ̀ ọ́n sìn."
Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lásán ni.

Ìkọ̀gòsì nilé wa, níbi tí omi gbígbóná
ti ń pàdé omi tútù lábẹ́ igi.
Èmi ọlọ́gbọ́n, mo pọn garawa kan níbi tó gbóná,
mo da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sí i, ìkúnwọ́ méjì,
mo gbo ṣòkòtò bí ẹni ń gbo ewúro.
Omi di aró. Ọwọ́ mi di aró.
Nígbà tó gbẹ, ó sún kì,
bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú.

Yèyé Ìbíyẹmí jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.
Ó ti bá ẹ̀lú ṣiṣẹ́ rí,
nígbà tí èékánná rẹ̀ máa ń dúdú láti ọjà kan dé ìkejì.
Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé,
"Ta ní ń gbé aró fún ooru kó bá òun tọ́ ọ?
Ibi tí omi ti tutù ńkọ́? Ṣé wọ́n dí i ni?"

Òun ló ní kí n máa yí inú rẹ̀ síta kí n tó fi kan omi,
kí ojú rẹ̀ má baà rí ìyà.
Kí n fa síìpù sókè, kí n de bọ́tìnnì,
torí eyín síìpù, ará ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹ.
Ọṣẹ díẹ̀. Kí n má fún un bí ọrùn adìyẹ;
kí n gbé e kọ́ sábẹ́ igi ọsàn,
kí omi ro, tó, tó, tó,
kí òòrùn máa wò ó láti òkèèrè.

Ó tún ní, "Kì í ṣe ojoojúmọ́ náà ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ o.
Ṣé ẹja ni?"

Fáṣorò, tí a jọ ń la pákó, fi mí rẹ́rìn-ín.
Ó ní ọ̀bùn ni mí, tí mo kàn ń gbọn ìyẹ̀fun igi dànù,
tí mo ń fi àkísà tútù nu ojú ibi tí epo ta sí.
Òun ń fọ tirẹ̀ láràárọ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á.
Kí ọdún tó yí, tirẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ tútù,
ìdí rẹ̀ sì ya lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gbé ìtì
lójú ọmọge tó wá ra pákó.
N kò rẹ́rìn-ín. Ó dáa, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ihò àkọ́kọ́ ní orúnkún tèmi kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ.
Mo ní ó di ọ̀la. Yèyé ní,
"Ihò kì í sùn, ìwọ lò ń sùn."
Ó gé etí kíjìpá rẹ̀ àtijọ́,
ó ní kí n bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́,
ojú òun ò gbé e mọ́.
Ó rán an lálẹ́ ọjọ́ náà, níwájú àtùpà.

Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà,
kò lè lákìísà bí àgbà.
Ọdún kẹtàlá rèé. Mo ti ní ọ̀kan báyìí,
kò sì tíì di àkísà.
Àwọ̀ rẹ̀ ti rọ̀ bí sánmọ̀ ìdájí lórí òkè wa.
Àbúlẹ̀ orúnkún nìkan ni kò ṣá.

Lánàá, Ìlérí ọmọ mi dì í mọ́ ìdí wò,
ó gùn ún díẹ̀.
Ó ti gbé garawa, ó kọjú sí ibi omi gbígbóná.
Mo la ẹnu, ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi:
"Ibi tó tutù ńkọ́? Ṣé wọ́n dí i ni?"