Ta Ló Sọ Pé Obìnrin Ni Tábìlì?

Ogójì la jẹ́ nígbà tá a bẹ̀rẹ̀.
Ó ku àwa mẹ́ta.
Sọfíyátù ti ya sí kọ̀ǹpútà,
Gàníyù ní ìṣirò owó ni yóò bọ́ òun.
Èmi náà ti kọ lẹ́tà tèmi, mo ká a sáàárín ìwé,
mo ń wá ojú Músíọ̀ Bọ́láríńwá.

Èdè náà ló kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín.
Ní Ọ̀fà níbí, "ó" ni gbogbo wa:
ó lọ, ó bọ̀, ó jókòó,
ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ewúrẹ́ ni o.
Faransé ní rárá,
tábìlì, obìnrin ni; ìwé tó wà lórí ẹ̀, ọkùnrin.
Mo nawọ́ sókè:
"Músíọ̀, ta ló ṣí aṣọ tábìlì wò?"
Ẹ̀rín pa kíláàsì.
Ó lé mi síta. Mo dúró sídìí máńgòrò,
mo ń ka wágọ́ọ̀nù réluwé tó ń lọ sí Ìlọrin,
mo ní ó parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi wà nílé,
Ìyá Àbíjàn tí gbogbo àdúgbò mọ̀,
tó ta àgádágodo àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Àjámé,
kó tó kó ẹrù wálé pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, bàbá mi.
Ogbó ti ń jẹ iyè rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ àjà.
Ó ti gbàgbé orúkọ mi.
Bó bá di òru, Faransé ló ń sọ.

Màmá mi ní ká máa ṣàdúrà sí i létí.
Èmi ni mo gbé àpótí ti ibùsùn rẹ̀,
mò ń ṣa ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀
bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà láàárín òkúta.
Kọ́mbíẹ̀n: èló ni.
Fíyẹ̀n mọ́ńjé: wá jẹun.
Wá jẹun, wá jẹun,
ó ń nawọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò sí.
Lẹ́yìn náà ló wí i:
"ma pẹtíìtì."

Ká ní Yorùbá ló fi sọ ọ́, "ọmọ mi kékeré,"
màá ní bàbá mi ló ń pè, màá sùn.
Ṣùgbọ́n "ma" ni, kì í ṣe "mọn".
Pẹtíìtì ni, "tì" kékeré ìparí yẹn
tí Músíọ̀ máa ń torí ẹ̀ gbá tábìlì.
Obìnrin ni.
Obìnrin kan wà ní Àbíjàn tí wọ́n ń pè wá jẹun,
tí bàbá mi, ọmọ kan ṣoṣo, ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Mo bi í, ahọ́n mi ń gbọ̀n: níbo ló wà?
Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.
Ó dáhùn, ó pẹ́, ó rọra,
ọ̀rọ̀ àná ni gbogbo rẹ̀, étẹ̀ẹ̀, afẹ́ẹ̀,
ìṣe tó ti kọjá, tá ò tíì kọ́.
Òní nìkan la mọ̀ ní kíláàsì wa:
mò ń jẹ, mò ń lọ, mò ń gbé ní Ọ̀fà.

Lọ́jọ́ Ajé mo dè é lẹ́nu géètì,
ó ń ti ọ̀kadà rẹ̀ tí epo tán lọ́nà Ìjàgbó.
"Músíọ̀, ìgbà wo la máa dé orí ohun tó ti kọjá?"
Ó ní táàmù tó ń bọ̀, bẹ́ ẹ bá ṣì kù.
Mo ní ẹni tí mo ń kọ́ ọ fún lè má dúró dè é.
Ó wo ojú mi. Ó fi ọ̀kadà ti ògiri.

Lẹ́tà mi ṣì wà nínú ìwé náà.
Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo la kọ́kọ́ kọ étẹ̀ẹ̀ sí.