Ọwọ́ Inú Ìbọ̀wọ́

Ní Húsavík, níbi tí òkun ti ń mí èémí yìnyín,
mo ṣe ẹ̀rọ kan tó ń la ẹja.
Lórí ìwé tí mo yà á sí, kò lábùkù.
Steinvör wọlé láti ilé iṣẹ́ ẹja rẹ̀,
kò yìn mí, kò bú mí,
ó kàn fi ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà di ọ̀pá rẹ̀ mú.
Ọ̀pá yọ̀ bọ̀rọ́.
“Ìka lásán lo fi wọ̀n ọ́n, ọ̀gá.
Àwa kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.”
Ojú tì mí. Mo rọ ọ̀pá mìíràn
tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé.

Ni mo bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.
Ketill wọlé. Ogójì ẹ̀rọ ló fẹ́ rà.
Ó ní kí n gé abẹ kúrú; mo gé e.
Ó ní kẹ́nu rẹ̀ gba ẹja kọ́ọ̀dù nìkan;
mo sé e mọ́ ẹja yòókù.
Owó ń pè mí, mo ń jẹ́ “hoo”.
Nígbà tí a parí, ẹ̀rọ bá ilé Ketill mu
bí eyín ṣe bá ẹ̀rìgì mu,
kò ṣeé yọ gbé sẹ́nu ẹlòmíràn.
Ogójì di mẹ́fà. Ó ní ọjà ò yá.

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé.

Àná, Steinvör tún dé.
Mo bi í pé ibo ló ń dùn ún;
n ò bi í pé kí ni kí n ṣe.
Ó na ìka sí ìta, sínú yìnyín:
“Àwọn yẹn ńkọ́?”