Ẹyẹ Apá Òsì

Àkùkọ ò tíì kọ nílé gígùn etí odò Batang Ai
tí Tambong ti fi orí ìka kan ilẹ̀kùn mi.
Kò pè mí lórúkọ.
"Ẹyẹ kì í dúró de ẹni tó ń wá bàtà," ló wí,
ó gbé kọfí dúdú lé mi lọ́wọ́ nínú ago páànù,
ètè mi sá sẹ́yìn.

A wọ ọkọ̀ nínú kùrukùru.
Níbi tí òkúta ti pọ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì,
ó fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ odò,
a ń yọ́ lọ bí olóńgbò tó jí ẹja.

Igbó ò tíì ní àwọ̀.
Dúdú lórí dúdú, ìrì ń kán tó, tó,
eṣúṣú na ọrùn lórí ewé bí ẹni ń tọrọ owó ọkọ̀.
Mo já mẹ́rin kúrò ní kókósẹ̀;
ìkarùn-ún ti jẹun yó, ó ti bá tiẹ̀ lọ.

Mo ní ìwé kékeré kan lápò.
Òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ẹyẹ ó dín ẹyọ kan ni mo ti kọ síbẹ̀
láti ọjọ́ tí dókítà ti ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ẹyọ kan.

Ìgbà náà ni nǹkan dún lápá òsì wa:
kìkìkìkìkì.
Tambong dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀.
"Ketupong ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.
"Láyé bàbá mi àgbà, ilé là ń lọ yìí.
Ó fi oko ìrẹsì sílẹ̀ lọ́dún kan nítorí irú igbe yẹn;
ìyá mi àgbà fi ebi àti èébú gbé ọdún náà dópin."
Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"
Ó ní, "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí.
Àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò tíì ṣèrìbọmi."

A jókòó sórí igi tó wó.
Ìmọ́lẹ̀ rọra ń bọ̀, bí ajigbèsè tó ń wọ àdúgbò.
Mo wá rí i lára ọparun gbígbẹ:
kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò mi lọ, ó pupa bí irin tó dípẹtà,
ó ń fi àgógó kan ọparun, kó, kó, kó,
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ tó ń jí ará ilé.
Kò mọ̀ pé òun dá àgbà méjì dúró.

Kenyalang kan ré kọjá lókè,
ẹyẹ ńlá bí àtíòro, ó dé fìlà pupa sórí àgógó,
ìyẹ́ rẹ̀ ń mí hùù, hùù, bí ẹni sísanra tó gun òkè.
Mi ò gbé awò sójú. Mo ti ní in nínú ìwé tẹ́lẹ̀.

Mo yọ pẹ́ńsù. Ọwọ́ mi ò fẹ́ lọ.
Tambong wo ìwé náà, ó wo ọparun.
"Kọ ọ́," ló wí.
"Ṣùgbọ́n má kọ apá ibi tó wà."
Ó dìde,
ó fi ẹsẹ̀ kejì ṣíwájú.